Ọjọ́ Méjì Tí Mbah Béèrè

Ìwé náà wà lórí itan Ningrum, bírò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bu Lestari, olùkọ́ tó fẹ́ gba Damar àbúrò Ningrum sí jẹ́lé-ó-sinmi abúlé wọn, ló mú un wá lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó fi í lé Damar lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bá tirẹ̀ lọ, torí ilé tó kù tó fẹ́ dé ṣì pọ̀. Damar ọmọ ọdún márùn-ún ti fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ kàn án káàkiri kó tó gbé e wọlé, ṣùgbọ́n èèyàn ṣì lè ka ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí ọmọ yín máa wá ní sáà tuntun yìí, mẹ́ta tàbí márùn-ún? Ẹ sàmì sí ọjọ́ tí ẹ bá yàn. Nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n to àwọn ọjọ́ náà láti Ajé títí dé Ẹtì.

"Kí ni Bu Lestari wí?" Mbah Karsinah béèrè.

Ìyá tó bí ìyá wọn ni Mbah, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà níbẹ̀; Bu ni wọ́n sì fi ń bọ̀wọ̀ fún olùkọ́ obìnrin. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi àkísà nu ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú ewé yìí ló máa ń pọ́n nagasari sí kó tó gbé e kaná, ìyẹ̀fun ìrẹsì pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n láàárín, òun ló sì ń tà lọ́jà. Kò mọ̀wé kà. Warsih ọmọ rẹ̀, tí í ṣe ìyá àwọn ọmọ méjèèjì, wà ní Taiwan níbi tó ti ń tọ́jú bàbá arúgbó kan. Bàbá wọn ti kú láti ìgbà tí Damar ti wà nínú oyún. Nítorí náà, Ningrum ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ń bá Mbah ka gbogbo ìwé tó bá wọlé, òun náà ló sì ń kọ èsì.

"Wọ́n ní ṣé ọjọ́ mẹ́ta lẹ fẹ́ ni àbí ọjọ́ márùn-ún, Mbah."

"Mẹ́ta tó," ni Mbah wí, kò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Kó má lọ ní ọjọ́ Pahing tí mo máa ń lọ já ewé, kó má sì lọ ní ọjọ́ Pon tí mo máa ń lọ sọ́jà. Ọjọ́ méjì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi."

"Mbah, kò sí Pahing lórí ìwé yìí. Kò sí Pon. Ajé àti Ìṣẹ́gun ni wọ́n kọ."

"Ṣebí ìwọ lo lọ sílé ìwé. Bá mi ṣírò ẹ̀. Bu Lestari kì í ṣe àjèjì, ó mọ Pon dáadáa."

Bí wọ́n ṣe ń gbé ayé ní abúlé náà nìyẹn, oríṣi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò pọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àti ọ́fíìsì ń ka ọjọ́ méje. Ọjà àti àwọn àgbà ń ka ọjọ́ márùn-ún, Legi, Pahing, Pon, Wage, Kliwon, wọ́n á sì tún padà sí Legi. Bí Pon bá bọ́ sí Ajé, èyí tó tẹ̀ lé e á bọ́ sí Àbámẹ́ta, èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn á bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Mbah kì í ṣì í kà. Damar pàápàá kì í ṣì í kà, torí òun ni Mbah máa ń mú dání lọ sọ́jà. Ningrum nìkan ni Pon máa ń bá lójijì.

Ká sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Ningrum ì bá kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé pé Damar kò ní máa wá ní Pahing àti Pon, Bu Lestari á sì gbà á. Ohun mìíràn ló wà lọ́kàn ọmọbìnrin náà.

Fọ́líbọ́ọ̀lù ni. Ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn fẹ́ lọ figagbága pẹ̀lú àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù lágbègbè, gbogbo ọ̀sán ni wọ́n sì ń gbá a títí di ìgbà ìrun Àsárì. Ní ti Ningrum, ojoojúmọ́ ló ń sáré padà sílé ní agogo kan kó lè gba Damar lọ́wọ́ Mbah, kí ìyá àgbà lè fẹ̀yìn lélẹ̀. Tí Damar bá ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, ibẹ̀ ló máa wà títí di Àsárì. Ọjọ́ mẹ́ta á dára. Ọjọ́ márùn-ún ló máa tó.

"Ìyá Damar ti ń lọ o," Retno tó jẹ́ olórí ikọ̀ máa ń wí tí Ningrum bá ti gbé báàgì kọ́rùn. "Bá wa kí ọmọ. Ṣé ó ti ń hu eyín?" Àwọn yòókù á fi ṣe ẹ̀rín rín. Ṣùgbọ́n lánàá, Retno ò ṣe àwàdà mọ́. "Gbọ́," ló sọ fún un, "ẹni mẹ́fà péré ló máa wọ pápá. Tó bá jẹ́ pé ọmọ lo fẹ́ máa pọ̀n, sọ fún wa ká wá ẹlòmíì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń ta Ningrum lára bó ṣe jókòó ti Mbah. Ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ìwé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí nǹkan níbẹ̀.

"Mbah, wọ́n tún kọ nǹkan síbí. Wọ́n ní ọmọ tó bá máa wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ márààrún ni kó máa wá. Wọ́n ní dandan ni."

Kò sí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀ lórí ìwé náà.

Ọwọ́ Mbah dúró lórí ewé. "Bu Lestari ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn ni, Mbah."

"Ó dáa náà," ni Mbah wí. "Tí olùkọ́ bá ti sọ ọ́, ó dáa náà."

Àwọn àgbà ibẹ̀ kì í sọ pé rárá. Àìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kà á sí. Ó dáa náà ni wọ́n máa ń wí tí inú wọn bá dùn, òun kan náà ni wọ́n sì máa ń wí tí ọkàn wọn bá bàjẹ́. Ojú wọn lèèyàn á wò kó tó mọ èyí tó jẹ́. Kò sí ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ tí kò mọ èyí, Ningrum náà sì mọ̀ ọ́n. Kò wo ojú Mbah. Ìwé ló ń wò, ó sì sàmì sí ọjọ́ márààrún.

Damar tó ń lé adìyẹ kiri níwájú ilé gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó sì sáré wọlé. "Tí mi ò bá sí ńlé, ta ló máa sọ afárá fún Mbah?"

"Eré wo ló tún dé yẹn?" Ningrum bi í.

"Damar," ni Mbah wí wéré, "lọ wo adìyẹ yẹn kó má lọ wọ oko olóko."

Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ bọ́ sí Pon. Damar di aṣọ Mbah mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. "Pon lónìí, Àǹtí," ló ń wí. "Èmi àti Mbah là ń lọ sọ́jà."

"Ilé ẹ̀kọ́ ò mọ Pon," Ningrum dá a lóhùn. Ó já ọwọ́ ọmọ náà kúrò lára aṣọ, ó sì gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Mbah tẹ̀ lé Lik Paini aládùúgbò wọn lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, ó sì di agbọ̀n ẹ̀yìn obìnrin náà mú títí. Ó ní òjò ti mú kí ọ̀nà máa yọ̀. Lik Paini fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi débẹ̀, pé ọmọge àná ti ń bẹ̀rù ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ Pahing, Mbah máa ń dúró kí Damar dé lẹ́yìn Àsárì kí wọ́n tó jọ lọ já ewé, ilẹ̀ á sì ti máa ṣú kí wọ́n tó padà dé. Pon tó tẹ̀ lé e bọ́ sí Àbámẹ́ta. Damar bá Mbah lọ lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ni àwọn méjèèjì ń rín lọ lójú ọ̀nà.

Àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí Ningrum ti rí. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, Mbah bu iyọ̀ dípò ṣúgà sínú tíì tó gbé fún un. Ó wọ bàtà méjì tí kò jọra lọ síbi àdúrà. Ó ní kó bá òun ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn. Ningrum bá a ki okùn bọ̀ ọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín pé Mbah ti ń darúgbó. Ara Ningrum yá gan-an lásìkò náà. Ó ń ṣeré lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Damar mọ́, nígbà tó sì di Ọjọ́rú, Retno ka orúkọ ẹni mẹ́fà tó máa wọ pápá, Ningrum sì jẹ́ ẹni kẹrin.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀, Pon tún pé. Lik Paini ti lọ sí ìlú mìíràn lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mbah ti se nagasari rẹ̀ láti ìdájí, ó sì ti tò ó sínú agbọ̀n, kò lè fi í sílẹ̀ kó bàjẹ́.

"Mbah, ẹ dúró dìgbà tí mo bá dé," ni Damar wí.

"Ọjà á ti tú, ọkọ mi." Mbah fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ojú ọmọ náà mú, ó fọwọ́ ra iwájú orí rẹ̀, imú rẹ̀ àti àgbọ̀n rẹ̀. "Máa lọ kàwé. Màá rọra rìn."

"Mbah, ẹ jọ̀ọ́, a ti pẹ́," ni Ningrum wí láti orí kẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó bá a sọ kẹ́yìn láyé nìyẹn.

Wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lọ́sàn-án nígbà tí ọkọ Lik Paini gun alùpùpù wọ inú pápá. Ó pa iná alùpùpù náà, ó sì wá dúró síwájú Ningrum. Ningrum rí i pé ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé itan.

"Wá, ọmọ mi," ló wí. "Jẹ́ ká lọ sílé."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Jẹ́ ká lọ sílé ná."

Ẹni tó ń da pẹ́pẹ́yẹ lẹ́bàá omi tí wọ́n là fún oko ló kọ́kọ́ rí agbọ̀n nagasari tó há síbi tí wọ́n ti ń sé omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí Mbah. Àgbàrá ti gbé afárá ọparun ojú ọ̀nà ọjà tó gba orí omi náà lọ lóṣù méjì sẹ́yìn, àwọn ará abúlé sì ti ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n sún un sókè, ó fi bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá jìnnà sí ti àtijọ́. Ibi tí afárá wà fún ogójì ọdún ni ẹsẹ̀ Mbah gbé e lọ. Ó tẹ afárá tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wọn ti là á sílẹ̀. Damar kò sunkún níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé, ó wá jókòó ti Ningrum lórí ẹní Mbah.

"Àǹtí, ta ló sọ afárá fún Mbah?"

"Afárá wo, Damar?"

"Tá a bá ti dé ibi igi àgbọn, màá ní afárá ti dé. Mbah á ní mo gbọ́. Màá ka méje, àá ti dé òdìkejì." Ó kà á lórí ìka rẹ̀ kó lè yé e. "Mbah ò ríran mọ́. Inú ilé nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí n má sọ, pé tí màmá bá gbọ́, wọ́n á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wálé." Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ṣé mo ṣe dáadáa?"

Ọjọ́ méjì péré ni ìyá àgbà béèrè, Damar tí í ṣe ojú rẹ̀ ló sì ń bẹ̀bẹ̀ fún, Ningrum ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó sì sunkún títí ọrùn aṣọ ọmọ náà fi tutù.

Ní ọjọ́ kẹta, àwọn obìnrin àdúgbò kóra jọ lọ́sàn-án láti se oúnjẹ àdúrà. Warsih pè láti Taiwan, Lik Paini tó ti sáré padà wálé sì gbé fóònù ti ife kan kí gbogbo wọn lè máa rí ojú rẹ̀. Ojú náà ti wú. Wọn kò tíì rí ẹni tó máa dúró ti bàbá tó ń tọ́jú, kò sì ráyè wá sin ìyá rẹ̀. Àsìkò yẹn ni Bu Lestari wọlé, ó gbé ṣúgà àti ìrẹsì dání láti fi kí ọlọ́fọ̀.

"Bu," ni Warsih wí, "mi ò fẹ́ yájú sí yín. Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ọjọ́ márùn-ún di dandan? Màmá mi sọ fún mi lórí fóònù pé ọjọ́ méjì làwọn fẹ́ kí Damar máa fi wà lọ́dọ̀ àwọn, pé ilé ẹ̀kọ́ ò gbà. Ọjọ́ méjì péré, Bu."

Bu Lestari yíjú sí Ningrum lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ sì yé e. Ó tẹrí ba níwájú fóònù. "Ẹ foríjì mí," ló wí. "Ẹ̀bi mi ni."

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn, pé wọn kì í dójú ti ọmọdé láàárín àwùjọ, pàápàá ọmọ tó ń ṣọ̀fọ̀. Lik Paini pòṣé. "Ọmọ-ọmọ tèmi ò ní í dé jẹ́lé-ó-sinmi yẹn láéláé," ló wí, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin méjì mìíràn mi orí, wọ́n ń wo olùkọ́ náà bí ẹni tó pààyàn.

Ó rọrùn fún Ningrum láti dákẹ́. Ẹlòmíì ti ru ẹrù náà fún un, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè mọ́. Ọwọ́ Damar wà nínú ọwọ́ rẹ̀. Ó rí i pé tí òun bá dákẹ́, irọ́ kejì ni òun ń pa yẹn, ẹni rere mìíràn ló sì tún máa jìyà rẹ̀.

"Kì í ṣe Bu," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Màmá, kì í ṣe Bu. Èmi ni. Kò sí dandan kankan lórí ìwé yẹn. Mo parọ́ fún Mbah torí mo fẹ́ ráyè gbá bọ́ọ̀lù."

Lik Paini gbé ọwọ́ lé ẹnu. "Mbah di agbọ̀n mi mú lọ́jọ́ Ajé yẹn," ló wí, "mo sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín." Ó bú sẹ́kún.

Warsih wo ọmọ rẹ̀ títí. Kò bú u, kò sì pariwo. "Ọwọ́ rẹ ni mo fi ìyá mi sí, Ningrum," ló wí. Ó wá dojú fóònù kọ òkè. Àjà funfun ilé onílé ni wọ́n ń rí lórí rẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń sunkún.

Ní ọjọ́ Ajé, Bu Lestari fún Ningrum ní ìwé mìíràn, kò sì bá a wí. Ningrum sàmì sí ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Damar kò ní máa wá ní Pahing àti Pon. Kò gbà á tó ìṣẹ́jú kan. Ohun tí Mbah béèrè kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ méjì náà ti padà báyìí, ẹni tó ni wọ́n ni kò sí. Lọ́dọ̀ Lik Paini ni Damar ń wà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, títí Ningrum á fi sáré dé ní agogo kan. Ó ti fi ikọ̀ sílẹ̀. Retno wá sílé láti bẹ̀ ẹ́ pé kó padà, ó ní àwọn fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, Ningrum ní kó fi fún ẹlòmíì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, gbólóhùn bíi mẹ́ta péré ni irọ́ Ningrum. Kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni lára, àyè díẹ̀ ló ń wá, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá parọ́ fún ló ń fi ìgbésí ayé rẹ̀ tẹ̀ lé irọ́ náà, a kì í sì í mọ ibi tó máa gbé e dé. Tí àgbà ilé yín bá béèrè ohun kékeré lọ́wọ́ yín, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Tó bá sì ní ó dáa náà, ẹ wo ojú rẹ̀ kí ẹ tó dìde níbẹ̀.

Pon kejì lẹ́yìn ikú Mbah bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ningrum mú Damar lọ sí ibojì rẹ̀ tó wà ní òdìkejì omi. Nígbà tí wọ́n dé ibi igi àgbọn, ọmọ náà di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí. Ojú ọjọ́ mọ́, Ningrum sì rí afárá náà kedere níwájú.

"Afárá ti dé," ni Damar wí.

Ningrum fẹ́ sọ fún un pé òun rí i. Kò sọ bẹ́ẹ̀. "Mo gbọ́," ló dáhùn.

Damar bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó ka méje, wọ́n ti dé òdìkejì. Ó dúró níbẹ̀, ó wẹ̀yìn wo orí afárá fún ìgbà díẹ̀, kó tó wá jẹ́ kí wọ́n máa lọ.